Ebè Mọ́kànlélógún Ẹ̀yìnkùlé

Òjò àkọ́rọ̀ pẹ́ kó tó dé Ṣakí lọ́dún náà. Oṣù kẹrin lọ tán pátápátá, ojú ọ̀run á ṣú, á tún là, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó sì tún pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí yóò fi rọ̀ gidi, a ti wọ oṣù karùn-ún. Ó rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó tún rọ̀ lọ́jọ́rú, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, kò sí ilé tí wọn ò ti máa bi ara wọn ní ìbéèrè kan náà: kí la fẹ́ gbìn? Ní Ṣakí, kò di dandan kéèyàn jẹ́ àgbẹ̀ kó tó gbin nǹkan. Tíṣà ń gbìn, télọ̀ ń gbìn, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ń gbìn. Ẹni tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ á ṣáà ha á, á fọ́n ewédú sí i. Kí òjò rọ̀ sórí ilẹ̀ kí èèyàn má fi nǹkan kan sí i, ó máa ń ṣe wọ́n bíi pé àlejò wọlé tí wọn ò fún un lómi.

Ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò náà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ti olóògbé Ràmọ́nì Abọ́dúnrìn ni.

Ìparí oṣù kìn-ín-ní ni Ràmọ́nì kú, nígbà tí ọ̀yẹ́ mú gan-an. Ìyàwó rẹ̀, Àwáwù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Sodiqat, ń ṣe opó lọ́wọ́ nínú ilé. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn wọn ní kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú fi jókòó sílé. Kò gbọdọ̀ ná ọjà, kò gbọdọ̀ lọ òde, kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Àwáwù yìí kì í ṣe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbélé tẹ́lẹ̀. Òrí ló ń ṣe tà, kò sì sí ọjọ́ ọjà Àgọ́-Àrẹ kan tó pa jẹ fún ogójì ọdún. Ní báyìí, kò mọ ju yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ̀yìnkùlé náà gan-an, ojú kan ló fi ń wò ó.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni ebè mọ́kànlélógún. Ràmọ́nì ló kọ wọ́n nígbà tí òjò ọdún tó kọjá ń kásẹ̀ nílẹ̀, méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la, títí àìsàn fi gbé e dè mọ́lẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé òfìfo ni wọ́n. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná títí dé ìdí ọgbà búlọ́ọ̀kù, ọ̀yẹ́ ti ha wọ́n lórí, òjò méjì yìí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n wálẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí opó Àwáwù parí. Lọ́jọ́ tó bá parí, ọmọ rẹ̀ Sodiqat yóò gbé mọ́tò wá láti Ìbàdàn, yóò sì kó o lọ sílé ara rẹ̀, ó di gbére. Àdúrà ogójì ọjọ́ ni wọ́n ti fẹnu kò sí i. Wọ́n bi Àwáwù, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹkún ló ń sun lọ́wọ́ nígbà náà. Bí wọ́n bá ní kó wá máa gbé inú òṣùpá, ì bá mi orí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, fóònù rẹ̀ dún. Sodiqat ni.

"Màámi, ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Alhamdulilahi. Ẹ wá nǹkan gbìn sẹ́yìnkùlé o. Ẹ má kàn jókòó kẹ́ ẹ máa ronú. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀."

"Tẹ̀tẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa gbà. Ẹ ó ti já a tán kí n tó dé. Ẹ ṣáà má gbin nǹkan tó máa pẹ́, Màámi. Ta ni yóò tọ́jú ẹ̀? Àwọn tó fẹ́ gba ilé yẹn ní wọ́n fẹ́ ká da kọ́ńkéré sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n lè máa páàkì mọ́tò síbẹ̀."

Àwáwù ní ó ti gbọ́. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ẹ má bínú sí Sodiqat. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa bínú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni. Orí fóònù ló ti gbọ́ pé bàbá òun kú, kò tètè rí mọ́tò, ìgbà tó fi máa dé, wọ́n ti sin bàbá. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù rẹ̀ bá dún ní àárọ̀ kùtù, àyà rẹ̀ á já. Kò fẹ́ kí wọ́n tún fi fóònù sọ ti ìyá fún òun. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, àmọ́ ìfẹ́ tí ìbẹ̀rù ti wọ̀, ó máa ń yára kó ẹrù ẹlẹ́rù.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Àwáwù dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ń ṣírò. Tẹ̀tẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilá, oṣù méjì. Àgbàdo, oṣù mẹ́ta. Gbágùúdá, ọdún kan gbáko. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé ìbéèrè tí òjò gbé wá fún un kọ́ ni ti àwọn aládùúgbò. Ohun tó bá gbìn síbẹ̀ ló máa sọ bí òun ṣe máa pẹ́ tó nínú ilé òun. Ọmọ rẹ̀ sì ti dáhùn fún un: tẹ̀tẹ̀.

Mọ́ládé ló bá a níbẹ̀. Mọ́ládé ni nọ́ọ̀sì tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wọn láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ìjẹ̀bú ló ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, kò mọ ọ̀nà oko rárá, àmọ́ òun ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru Ràmọ́nì wò lójoojúmọ́ nígbà tó wà láyé, kò sì gba kọ́bọ̀ rí.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ gbìn?" ó bi í.

"Sodiqat ní kí n gbin tẹ̀tẹ̀."

"Ẹ fi ilá àti ata kún un. Ó dára fún ara yín. Ẹ ó máa ká a tútù-tútù."

"Ta ni yóò ká a, Nọ́ọ̀sì? Ìgbà tí ilá bá fi máa so, n ò sí níbí mọ́."



Lọ́jọ́ kejì, Tàjúdéènì yà wá kí i. Àbúrò Ràmọ́nì ni, àgbẹ̀ paraku. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, ó sì tún máa ń gun ọ̀kadà lọ oko. Àgbà ló fi jẹ́ fún Àwáwù, "Ìyàwó" ló sì ń pè é títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyàwó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe yẹ, kò wọlé, ó sì ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ò ń wá ohun tó o máa gbìn," ó ní.

"Ta ló sọ fún yín, ọkọ mi?"

"Gbogbo àdúgbò ló ń wá a bá ẹ. Kajú ni kó o gbìn."

"Kajú?"

"Kajú ńkọ́?"

"Ọdún mélòó ni kajú fi ń so?"

"Mẹ́ta. Mẹ́rin. Kí ló ń lé ẹ?"

Àwáwù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá òun fúnra rẹ̀ lójijì. Kò rántí ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Tàjúdéènì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo títì.

"Wọ́n ní o fẹ́ lọ Ìbàdàn."

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo wí?"

 Bí Àwáwù bá ní òun ò fẹ́ lọ, wọ́n á bi í pé kí ló fẹ́ dúró ṣe. Kì í ṣe àgbẹ̀. Iṣẹ́ òrí pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ ti ń ro ó, ó sì ti tó oṣù mẹ́rin tó ti wá omorogùn gígùn tó fi ń po òrí tì. Ó ti fi ẹ̀sùn kan gbogbo obìnrin àdúgbò lọ́kàn ara rẹ̀ tán, kò rí i.  Nígbà tí kò gbọ́ èsì, Tàjúdéènì dé fìlà rẹ̀, ó ní ó dàárọ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí Àwáwù ò sọ fún Tàjúdéènì, tí kò sọ fún Sodiqat, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó dá a lójú pé òun ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé yẹn mọ́.

Ní àárín oṣù kìn-ín-ní, ẹsẹ̀ Ràmọ́nì ti wú, èémí rẹ̀ ti kúrú, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ tẹ̀ ba, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo. Ràmọ́nì gbọ́, ó ní ó dáa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ òun wá. Ó ti gé èbù iṣu sínú apẹ̀rẹ̀ kan ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, èbù Àmúlà, iṣu tó fẹ́ràn ju gbogbo iṣu lọ. Àkókò náà sì ni wọ́n ń gbin iṣu lọ́dọ̀ wọn, nínú ọ̀dá, kí èbù ti wà nílẹ̀ de òjò.

Àwáwù gbé ọkọ́ náà, ó fi pamọ́ sábẹ́ àpò nínú yàrá ẹrù.

"Fún mi lọ́kọ́ mi, Àwáwù," Ràmọ́nì ní. "N ò kọ ebè. Mo ti kọ ebè tán. Mo kàn fẹ́ ki èbù bọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ fi èbù sílẹ̀, kí ẹ má baà fi mí sílẹ̀."

Ó bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin tó ti ń roko láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ń tọrọ ọkọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ọmọdé tó ń tọrọ àkàrà. Àwáwù ò fún un. Lọ́jọ́ kẹrin, kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Inú Àwáwù dùn. Ó rò pé ó ti gbọ́ràn. Ọjọ́ ọjà Àgọ́-Àrẹ bọ́ sí i, ó lọ ọjà, ó dé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ń gé èékánná fún Ràmọ́nì, ó rí iyẹ̀pẹ̀ dúdú lábẹ́ wọn.

"Kí lẹ lọ fi ọwọ́ fà nílẹ̀?"

"Mo yọ̀ ṣubú díẹ̀ lẹ́yìnkùlé," Ràmọ́nì ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àwáwù bú u, ó sunkún, ó ní kó má tún jáde sẹ́yìn mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, Ràmọ́nì kú. Nígbà tí àlejò àdúrà ọjọ́ kẹjọ tú ká, Àwáwù kíyè sí i pé apẹ̀rẹ̀ èbù ti ṣófo. Ó rò pé àwọn tó wá se oúnjẹ ti da èbù náà sínú ìkòkò. Kò bi wọ́n. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀ náà. Àmọ́ láti ìgbà náà, bó bá ti wo àwọn ebè wọ̀nyẹn, ohùn Ràmọ́nì ló ń gbọ́: fún mi lọ́kọ́ mi. Ó ti fi ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ kẹ́yìn láyé dù ú, kò sì sí bó ṣe lè fún un mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó mi orí nígbà tí wọ́n ní Ìbàdàn.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó pinnu. Ó ní kí tẹ̀tẹ̀ jẹ́ tẹ̀tẹ̀. Ó wọ yàrá ẹrù, ó gbé àpò kúrò, ó mú ọkọ́ náà jáde. Ìpẹtà ti ń mú un lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ nù ún, ó rọra ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mọ́ládé ti ra èso tẹ̀tẹ̀ wá fún un láti àná, ó sì ti wà níta, ó wọ bàtà rọ́bà, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kó tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"A máa tú àwọn ebè yìí palẹ̀ pẹrẹsẹ ni," Àwáwù sọ fún un. "Tẹ̀tẹ̀ ò fẹ́ ebè."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ebè àkọ́kọ́ rọ̀, ó wó lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan dúdú kan tó ti jẹrà wà nínú rẹ̀. Àwáwù rò pé igi ni, ó fi ọkọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà lèkejì. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣe é, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó ń ṣe é bí ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ náà tètè parí kó lè lọ jókòó.

Nígbà tó gbé ọkọ́ sí ebè kẹta, ọkọ́ ò wọlẹ̀ bó ṣe wọ àwọn ìyókù. Ó bá nǹkan pàdé, nǹkan náà sì dún *kẹ́*. Àwáwù fa ọkọ́ sókè. Omi funfun tó ń yọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó dúró. Ó mọ omi náà. Ta ni yóò gbé Ṣakí tí kò ní mọ̀ ọ́n?

Ó ju ọkọ́ nù, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ha ebè náà. Èbù iṣu ló wà níbẹ̀. Ó ti hù. Ìtàkùn rẹ̀ nípọn tó ìka, orí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó ti rìn láti ìsàlẹ̀ wá, ó kù díẹ̀ kó yọ jáde. Ọkọ́ Àwáwù ti gé e sí méjì.

"Ìyá, kí ló dé?" Mọ́ládé ní.

 Àwáwù ti fi eékún rìn dé ìdí ebè kẹrin. Ó rọra ha orí rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó ń sùn. Èbù wà níbẹ̀. Ó ti hù. Ó lọ sí ìkarùn-ún. Ó ti hù. Ó lọ sí ìkẹfà. Ìyẹn ti jẹrà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìkeje, ọwọ́ rẹ̀ kan igi kan láàárín ewéko tó hù sẹ́bàá ebè, ó fà á jáde.

Omorogùn rẹ̀ ni.

Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀, amọ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn lára dé ìdajì, níbi tí wọ́n ti ń ki ín bọ ilẹ̀. Àwáwù gbé e lé itan, ó ń wò ó. Ọjọ́ ọjà Àgọ́-Àrẹ. Iyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ èékánná. *Mo yọ̀ ṣubú díẹ̀.* Ó rí ọkùnrin náà lójú inú rẹ̀ báyìí, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ ba, tó ń fi ìdí wọ́ láti ebè kan dé èkejì, tó fi omorogùn òrí lu ihò, tó ń sinmi, tó ń mí, tó tún ń lọ. Mọ́kànlélógún. Òpùrọ́ ọkùnrin! Ó ti gbìn wọ́n tán kí ìyàwó rẹ̀ tó ti ọjà dé, ó sì na ọwọ́ fún un kó gé èékánná.

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Mo ní ẹkún gbọ̀n ọ́n, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ti ń sun láti oṣù kìn-ín-ní. Ó ń sunkún, ó sì ń pe Ràmọ́nì ní olóríkunkun, ó sì ń fi etí ìborùn nu omorogùn náà bí ẹni pé ó fẹ́ lò ó lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tó gbójú sókè, ó rí i pé Mọ́ládé náà ń sunkún, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí," Mọ́ládé ní, ó sì kúnlẹ̀. "Koríko gbígbẹ kan wà lórí gbogbo wọn nígbà náà. Wọ́n gbé amọ̀ lé e. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo rò pé pàǹtírí ni. Mo ní àlejò ń bọ̀, kí ẹ̀yìnkùlé mọ́. Mo gbá gbogbo ẹ̀ kúrò, mo kó o fún àwọn tó ń dáná."

Àwáwù wò ó. Koríko yẹn ni wọ́n fi ń bo èbù kí oòrùn má baà sè é nínú ilẹ̀. Oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta ti lu àwọn èbù náà ní ìhòòhò. Inú bí i, ìbínú gidi. Ó wá wo bàtà rọ́bà ọmọ náà, ó wo aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ta amọ̀ sí, ó rántí gbogbo àárọ̀ tó fi wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru Ràmọ́nì wò.

"Dìde níbẹ̀," ó ní. "Ọmọ Ìjẹ̀bú, báwo lo ṣe máa mọ̀? Èmi tí wọ́n bí sí àárín ebè, tí mo ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, ǹjẹ́ mo mọ̀? Lọ bá mi pe Tàjúdéènì. Sọ fún un pé kó má mú ọkọ́ lọ́wọ́ wá."

Tàjúdéènì dé kí ó tó di ìyálẹ̀ta. Wọ́n sọ fún un, kò gbàgbọ́. Wọ́n fi omorogùn hàn án, ó gbà á, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì jókòó sórí ìdérí kànga. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ń fi ìka méjì yẹ ebè kọ̀ọ̀kan wò. Méjìlá ló yè. Mẹ́jọ ti jẹrà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ èyí tí Àwáwù gé, ó da èérú sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó fi ilẹ̀ bò ó.

"Ìyẹn ńkọ́?" Àwáwù bi í.

"Èbù ẹ̀ ò tíì bàjẹ́. Ó lè tún ibòmíràn hù. Tí kò bá hù, kò hù." Ó gbọn ọwọ́ nù. "Ẹ wá koríko bò wọ́n lórí lónìí. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ti máa wá ohun tí wọ́n máa fà mọ́."

Ó yíjú sí Àwáwù, ojú rẹ̀ pọ́n. "Àṣé ìwọ lo gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó fi lo omorogùn. Ó ní kí n yá òun ní tèmi. Mo ní ọkọ́ mi ti kán."

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà, Ìyàwó. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sùn dáadáa."

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó sunkún, nítorí náà wọ́n lọ wá koríko.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àwáwù ò dúró kí Sodiqat pè é. Òun ló pe Sodiqat.

"Màámi, ṣé ẹ ti gbin tẹ̀tẹ̀ náà?"

"N ò gbin nǹkan kan. Ẹnìkan ti gbìn ín ṣáájú mi."

"Ta ni?"

"Bàbá ẹ."

"Màámi, ṣé ara yín yá? Ṣé Nọ́ọ̀sì wà nítòsí?"

"Ara mi yá, jókòó kó o gbọ́." Àwáwù bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ́ tó fi pamọ́. Kò fi ọ̀kan pa mọ́: bí bàbá ṣe bẹ òun, bí òun ṣe kọ̀, èékánná, apẹ̀rẹ̀ tó ṣófo, omorogùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ máa sọ ọ́. Ó ń gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń fa imú lódìkejì.

"Ìgbà wo la máa wa iṣu náà?" Sodiqat ní nígbà tó yá.

"Oṣù kọkànlá."

"Oṣù mẹ́fà nìyẹn, Màámi."

"Oṣù mẹ́fà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, màá yọ èbù èyí tí màá gbìn lọ́dún tó ń bọ̀."

"Àwọn tó fẹ́ gba ilé ńkọ́?"

"Kí wọ́n wá ibòmíràn páàkì mọ́tò wọn sí. Sodiqat, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. Máa pè mí láàárọ̀, máa pè mí lálẹ́, máa wá bó o bá ráyè. Àmọ́ n ò kúrò nídìí iṣu bàbá ẹ."

  Àwáwù ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan pa dé.

"Tí mo bá ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní," Sodiqat ní, "kí ni iṣu náà máa nílò?"

"Ọ̀pá. Kí wọ́n lè rí nǹkan fà mọ́."

"Mélòó?"

Àwáwù wo ẹ̀yìnkùlé láti ẹnu ilẹ̀kùn. Koríko tuntun wà lórí àwọn ebè náà. Ó ti fọ ọkọ́ Ràmọ́nì mọ́, ó sì ti gbé e kọ́ ara ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Méjìlá ló fẹ́ sọ.

"Mẹ́tàlá," ó ní. "Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo fi ọkọ́ gé. Òun náà lè hù."